Íǹṣì Méjì fún Ààyè

Ẹnu géètì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́pàá tó ń yẹ àpò àwọn olùdánwò wò ní kí ó dúró, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì nàka sí ọrùn rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ fi kọ́rùn yẹn? Ṣé ẹ wá wọ̀n wá fún yunifọ́ọ̀mù ni?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ọrùn. Téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ ni, èyí aláwọ̀ ìyeyè tí etí rẹ̀ ti ń já, tó ti ń fi kọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùláòsì funfun tó lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wo ara rẹ̀ nínú dígí, síbẹ̀ kò rí i. Ó ti di ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, Téèpù gan-an ni wọ́n ń pè é, débi pé àwọn oníbàárà kan rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé nìyẹn.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. Ó ká téèpù náà, ó tì í sínú àpò, ó sì wọlé pẹ̀lú ojú gbígbóná.

Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù kí ó pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára fọ́ọ̀mù pé ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún ò lè jókòó ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́. Bí ó bá fìdí rẹmi lónìí, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó máa padà sí. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti bá a sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, láì tiẹ̀ gbójú sókè.

"Lọ o. Mi ò dá ẹ dúró. Àmọ́ ọjọ́ tó o bá jókòó sídìí ìdánwò yẹn, ọjọ́ yẹn náà ni ẹlòmíì máa jókòó sídìí maṣínnì ẹ."

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ ti kí ni? Ìwọ tí oníbàárà á jẹ ẹ́ níyà, tí wàá tún máa bẹ̀ ẹ́. Olè tó o bá mú, wàá bi í bóyá okùn ò fún un jù."

Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí aláǹgbá ń lé jáde nínú balùwẹ̀?" Ìgbà tó rí i pé ọmọ òun ò bá òun rẹ́rìn-ín ló tó dákẹ́. "Kí ló dé, ọmọ mi? Ta ló ṣe ẹ́ ní nǹkan?"

Ẹnikẹ́ni ò ṣe é ní nǹkan. Òun ló ṣe ẹlòmíì, kò sì mọ bó ṣe máa là á yé ìyá rẹ̀.

Oníbàárà kan ni wọ́n ní, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀ tí kì í kọjá ètè. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Jẹ́jẹ́ gbé bùláòsì kan wá tó ya léjìká. Ó ní ìṣó ló fà á ya. Téèpù gbé aṣọ náà sójú fèrèsé. Ó mọ bí ìṣó ṣe ń ya aṣọ: á là á gbọọrọ, á sì kọ́ ní ìparí. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni òwú ibẹ̀ nà tantan kí ó tó já, bọ́tìnnì méjì sì ti bá aṣọ lọ. Ọwọ́ ènìyàn ló fà á. Ó mọ̀, Jẹ́jẹ́ náà sì rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀.

"Ẹ bá mi ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú," Jẹ́jẹ́ ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Ó ṣe é. Ó fa òwú yọ láti ìṣẹ́tí aṣọ kan náà, ó fi hun ibi tó ya, débi pé aláṣọ fúnra rẹ̀ wá ojú ibẹ̀ tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jẹ́jẹ́ wá bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọlọ́pàá kan ló wá, ó di bùláòsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá. Jẹ́jẹ́ wà ní ọsibítù. Ọkọ rẹ̀ sì ń búra pé òun ò fọwọ́ kàn án rí láyé òun.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tún wọn ṣe. Níbo ló ti ya?"

Téèpù fìka hàn án. Ọlọ́pàá náà tẹ̀ síwájú, ó gbé aṣọ náà sójú oòrùn, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan.

"Ẹ mọṣẹ́ o," ó ní, àmọ́ kò fi ayọ̀ sọ ọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Jẹ́jẹ́ jáde ní ọsibítù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn mọ́. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń wa mọ́tò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, á tún fọn fèrè kí wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ Téèpù ti ń wúwo lórí aṣọ. Ó fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti máa ń sọ ohun tí ojú rí.

*

Gbọ̀ngàn ìdánwò náà gùn bí ilé ẹrù. Ọgọ́ta tábìlì ló wà níbẹ̀, fáànù mẹ́rin sì ń yí lókè bí ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Alábòójútó wọn jẹ́ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, tó wọ yunifọ́ọ̀mù líle. Wọ́n lẹ àpò òsì aṣọ rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ó ń wu Téèpù kí ó tú u.

Wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n kọ àròkọ. Bí wọ́n ṣe ń gba ìwé jọ ni ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó wọ kóòtù pupa rẹ́súrẹ́sú, ó mú àpòòwé kan lọ́wọ́. Ó lọ bá Alábòójútó, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Alábòójútó mi orí. Ọkùnrin náà gbóhùn sókè, "Ẹ ní kí n wá lónìí!" Lẹ́sẹ̀kan náà ló ja báàgì orí tábìlì gbà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Ilẹ̀kùn dún gbàà.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ẹnì kan ń pariwo olè, àga ń ṣubú, awakọ̀ kan tó jókòó nítòsí Téèpù ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó," Alábòójútó ní, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ìdánwò kejì nìyẹn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ọlọ́pàá tí kò rí ọkùnrin yẹn rí lè fà á yọ láàárín èrò. Ogún ìṣẹ́jú lẹ ní. Ohun tí ẹ bá sì ti fà lé mi lọ́wọ́, kò sí pípa rẹ́ mọ́. Ẹni tó bá padà wá pa ohunkóhun rẹ́ máa pàdánù máàkì mẹ́wàá."

Téèpù dijú. Ọkùnrin náà sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìpéǹpéjú rẹ̀, bí oníbàárà tó dúró kí wọ́n wọ̀n òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kò sì gbé báírò sókè. Ọwọ́ òsì ló fi mú báàgì. Kóòtù kì í ṣe tiẹ̀, ó tóbi jù ú lọ léjìká. Wọ́n ti gé apá ọ̀tún kóòtù náà kúrú, wọn ò gé tòsì. Òwú ara bọ́tìnnì kejì láti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwọ̀n ara ọkùnrin náà fúnra rẹ̀: èjìká, íǹṣì mọ́kàndínlógún, àyà, ogójì. Kí ló tún wà tó lè fi ẹnì kan hàn ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ? Inú rẹ̀ dùn bó ṣe fà á lé wọn lọ́wọ́. Àní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

*

Ọ̀sán, wọ́n tò wọ́n sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ àárọ̀ yẹn ló jókòó tì í.

"Mo ti ka gbogbo ẹ̀," awakọ̀ náà sọ sí i létí. "Yàrá yẹn ní ilẹ̀kùn méjì. Ẹni tó bá já, iwájú wa níbí ló ń gbà jáde. Ẹni tó bá yege, wọ́n á mú un gba ẹ̀yìn lọ sí pápá tí wọ́n ti ń sáré. Mẹ́rìnlá ló ti wọlé. Mọ́kànlá ló ti padà kọjá níwájú wa."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yìn lẹ fẹ́ gbà?"

"Mo ti ń fi rìfáàsì ṣe é láti òwúrọ̀."

Téèpù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n pe awakọ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn iwájú fi ṣí, ó sì jáde, fìlà lọ́wọ́. Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi kí wọn nílé," ó ní, bí ẹni pé wọ́n jọ ń gbé ilé kan, ó sì ń lọ sí ọ̀nà géètì.

Wọ́n pe nọ́ńbà Téèpù.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó: Ọ̀gá Àgbà láàárín, irun rẹ̀ ti funfun, Alábòójútó lápá òsì, àti ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan lápá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, òun ló di fáìlì mú. Ìwé tí Téèpù kọ wà níwájú Akọ̀wé. Ó ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ ibi mẹ́ta.

"Ta ló fún ẹ?" Akọ̀wé ní.

"Kí ni, sà?"

"Ìdáhùn. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni ọkùnrin yẹn lò nínú gbọ̀ngàn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹnì kan ní ó ga, ẹnì kan ní ó kúrú, ẹnì kan tiẹ̀ ní ó yọ ìbọn. Ìwọ kọ pé kóòtù kì í ṣe tiẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ni. Nítorí náà, ta ló sọ fún ẹ?"

Téèpù mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọn ò ní kàn ní kí ó gba ọ̀nà iwájú jáde. Wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jí ìdánwò wò.

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, sà. Aránṣọ ni mí."

"Aránṣọ," Akọ̀wé ní, ó sì yínmú.

"Ẹ dá mi wò, sà. Mo lè fi ojú lásán wọn ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ bọ́ sára Akọ̀wé, sí apá ọ̀tún rẹ̀ tó ká díẹ̀ lórí fáìlì tí kò sì nà tán. "Kóòtù yẹn, tiyín ni, sà. Apá ọ̀tún yín ò nà tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé e kúrú."

Alábòójútó wo òrùlé. Ọ̀gá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Akọ̀wé, dìde," Ọ̀gá Àgbà ní. "Ó ní òun lè fojú wọ̀n. Jẹ́ kó wọ̀n ẹ́."

Akọ̀wé dìde bí ẹni tí wọ́n fà sókè. Téèpù wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, bó ṣe máa ń wo àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé ìdí tábìlì.

"Èjìká, mọ́kànlélógún. Àyà, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Apá òsì, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Ó yọ téèpù aláwọ̀ ìyeyè jáde nínú àpò, Alábòójútó sì gbà á. Gbogbo ohun tí wọ́n ń gbọ́ ò ju bí téèpù ṣe ń ha ara aṣọ lọ.

"Èjìká, mọ́kàndínlógún," Alábòójútó kà. "Àyà, mẹ́rìnlélógójì." Ó na téèpù sí apá òsì. "Apá, márùndínlọ́gbọ̀n."

"Kò gba ọ̀kan ṣoṣo," Akọ̀wé ní, ó sì jókòó. "Ṣé ẹ rí i? Kò mọ nǹkan kan. Wọ́n sọ fún un ni."

Téèpù ò ṣì í rí. Láàárín ọdún mọ́kànlá, aṣọ tó wọ̀n ò fún ẹnikẹ́ni pa, kò sì bọ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Mọ́kànlélógún, mọ́kàndínlógún. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, márùndínlọ́gbọ̀n. Ó dà bí ẹni pé ó gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, bí wọ́n ṣe ń pariwo lé e lórí nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́: *Iye tí wọ́n máa gé ni kó o pè, má pe iye tó o wọ̀n!* Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹnì kan ló ń wọ̀n, ẹlòmíì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì ló ń gé. Kí ẹni méjì má baà fi ààyè kún aṣọ kan náà, ẹni tó ń wọ̀n ló gbọ́dọ̀ ti fi íǹṣì méjì kún un kí ó tó la ẹnu. Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí kò fi mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́.

"Ẹ yọ méjì," ó ní, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Nínú gbogbo ẹ̀, sà, ẹ yọ íǹṣì méjì méjì. Ààyè la fi ń sílẹ̀ kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè mí. Mi ò... mi ò mọ̀ pé mo fi kún un."

Ọ̀gá Àgbà fa fáìlì lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó ṣí i sí ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n yunifọ́ọ̀mù ọlọ́pàá tó ṣe bí olè sí.

"Ó kọ mọ́kàndínlógún fún èjìká. Mẹ́tàdínlógún ló wà níbí. Ó kọ ogójì fún àyà. Méjìdínlógójì ló wà níbí." Ó pa fáìlì dé. "Akọ̀wé, ẹni tí wọ́n bá sọ fún, iye inú ìwé ni ì bá kọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un."

"Máàkì rẹ dúró," Ọ̀gá Àgbà sọ fún Téèpù. "Mọ́kàndínláàádọ́rin lo gbà. Ọgọ́ta la fi ń gbani. Fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, kí o sì máa gba ẹ̀yìn lọ."

Wọ́n ti ìwé náà sí i. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀: *Ohun tí mo fojú mi rí nìkan ni mo kọ sókè yìí. Mi ò fi ohunkóhun kún un.*

Ó mú báírò. Orí rẹ̀ fúyẹ́ fún ayọ̀, ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú pápá. Ó gbé ẹnu báírò lé ìwé, ó sì ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ogójì kọ́ ló rí. Méjìdínlógójì ló rí.

Ta ló máa mọ̀? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀, wọ́n sì ti forí jì í. Íǹṣì méjì ò tó nǹkan. Bí ó bá pa á rẹ́, mẹ́wàá á lọ, á ku mọ́kàndínlọ́gọ́ta, á sì gba iwájú jáde bíi ti awakọ̀, láì ní àga kankan tó ń dúró dè é. Ó wo àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ. Ó mọ́, ó gún régé, kò sí ojú àbùkù kankan níbẹ̀. Bí bùláòsì Jẹ́jẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn lójú oòrùn, lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń wá ibi tó ti ya.

"Kí lo ń dúró ṣe?" Akọ̀wé ní.

Ó fa ìlà sórí ogójì. Ó kọ méjìdínlógójì sókè rẹ̀. Ó fa ìlà sórí mọ́kàndínlógún, ó kọ mẹ́tàdínlógún. Ìlà kejì wọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó fọwọ́ síwèé, ó sì ti ìwé náà padà.

"O mọ ohun tó o ṣe yẹn?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta," Akọ̀wé ní.

Téèpù gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dìde, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn iwájú.

"Jókòó," Ọ̀gá Àgbà ní. "Ó ku máàkì ẹnu, èyí tí a ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó. Akọ̀wé ló ń fúnni. Láti òdo títí dé márùn-ún."

Téèpù padà jókòó. Nínú àwọn mẹ́ta, ọwọ́ èyí ló wá bọ́ sí. Akọ̀wé fa ìwé náà mọ́ra pẹ̀lú apá tí kò nà tán. Ó wo àwọn ìlà tí Téèpù fà, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó fi ìdí báírò gbá eyín. Fáànù òkè yàrá náà yí, ó yí, ó yí. Níkẹyìn ó kọ nǹkan kan sínú àpótí kékeré tó wà ní igun ìwé, ó sì yí i síta kí Téèpù fúnra rẹ̀ lè rí i.

Ọ̀kan.

"Mi ò fẹ́ràn ẹni tó ń wo apá mi," Akọ̀wé ní, ojú rẹ̀ wà lára fáìlì. "Ọgọ́ta géérégé. Kò sí ààyè kankan níbẹ̀."

Alábòójútó ti dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé pẹ̀lú òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

"Ẹ̀yin ni máàkì yín kéré jù nínú àwọn tó yege," ó sọ fún Téèpù bí wọ́n ṣe ń jáde. "Bí ẹ bá sinmi nínú eré yìí, ẹ ti já nìyẹn. Ṣé bàtà yẹn lẹ máa fi sá a?"

"Rárá, mà." Ó bọ́ bàtà. Ilẹ̀ gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ti yege ń na ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun, wọ́n yíjú wò ó. Ó ṣí àpò, ó ti téèpù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì gbé e kalẹ̀.

Ẹnì kan gbé fèrè sẹ́nu. Téèpù gbójú sókè, ó sì fojú wọn pápá náà láti ibi tó dúró sí dé òpó tí wọ́n máa yí ká. Igba ìṣísẹ̀, ó sọ nínú ara rẹ̀. Ó dúró, ó tún un wò dáadáa bóyá òun ti fi nǹkan kún un.

Igba ni lóòótọ́.